Ẹrù Tó Wà Lábẹ́ Ibùsùn Orest

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Karùn-ún ni Orest Pidlubny kọ́kọ́ gun òṣùwọ̀n mi, irin ńlá tí a fi ń wọn ọkọ̀ ọkà. Oṣù Karùn-ún kì í ṣe àkókò tí ọkọ̀ ń tò sí ilé ọkà wa ní Dunfrey. Àwọn àgbẹ̀ wà lóko, wọ́n ń gbin àlìkámà, èmi nìkan ni mo jókòó sí ọ́fíìsì pẹ̀lú kọfí tó ti tutù, tí mo ń wo afẹ́fẹ́ bó ṣe ń gbá eruku láti ìhà kan ọgbà lọ sí ìhà kejì. Mo gbọ́ tí irin òṣùwọ̀n dún gìrì. Nígbà tí mo gbójú sókè, píkọ́ọ̀pù aláwọ̀ eérú tí Orest ń wà ni mo rí, ilé onítáyà funfun kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀, irú èyí tí àwọn èèyàn máa ń so mọ́ ọkọ̀ fà lọ sí ẹ̀bá adágún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n á máa sùn nínú rẹ̀. Ìdí píkọ́ọ̀pù náà ti lọ sílẹ̀ gan-an, imú rẹ̀ sì dìde, iná iwájú rẹ̀ méjèèjì kọjú sí òfuurufú.

Orest yọ orí síta lójú fèrèsé. "Karlene, bá mi wọ̀n ọ́n wò."

"Ẹ káàárọ̀ náà, Orest."

"Káàárọ̀. Bá mi wọ̀n ọ́n."

Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní retí ìkíni gígùn lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún yẹn. Ọdún méjìdínlógójì ló fi ṣiṣẹ́ nínú ihò kùsà, kìlómítà kan lábẹ́ ilẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń wa iyọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀. Ó fẹ̀yìn tì nígbà tí ewé ń wọ́, láti ìgbà náà ni ara rẹ̀ kò sì ti balẹ̀ mọ́. Ní gbogbo ìgbà òtútù, á kó yìnyín ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ tán, á kó ti aládùúgbò ọ̀tún, á kó ti òsì, á wá dúró sójú títì máa wò bóyá òmíràn ń bọ̀. Verna, ìyàwó rẹ̀, sọ fún mi ní ilé ìfìwéránṣẹ́ pé òun ka iye ìgbà tó ṣí fírísà ní àárọ̀ ọjọ́ kan: ìgbà mẹ́rìnlá ni, kò sì mú nǹkan kan níbẹ̀.

Verna yìí ló wa bọ́ọ̀sì tó ń gbé mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ láti ọmọ ọdún mẹ́fà títí mo fi jáde. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi wà á lójú yìnyín dídì, kò sì fẹ̀gbẹ́ kan nǹkan rí. Mo ti di ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì, ṣùgbọ́n títí di òní, bí Verna bá wò mí lọ́nà kan báyìí, ńṣe ni mo máa ń fẹ́ jókòó dáadáa.

Orest kò bi í kó tó ra ilé onítáyà náà. Verna kàn jí ní òwúrọ̀ kan nínú oṣù Kejì, ó sì rí ilé mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, yìnyín bo táyà rẹ̀ dé ìdajì. Orest ní tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Yorkton ló tà á fún òun, pé tíṣà náà ti wo píkọ́ọ̀pù òun, ó sì ní ó lè fà á wẹ́rẹ́.

Mo sọ bí a ó ṣe ṣe é fún un. Ó kọ́kọ́ gbé gbogbo rẹ̀ jókòó sórí irin, mo kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Ó wa ọkọ̀ síwájú títí ó fi ku táyà ilé náà nìkan lórí irin, mo tún kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ó tú ilé náà kúrò lára ìkọ́, mo wọn píkọ́ọ̀pù lọ́tọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí mo ń kọ̀wé yìí, kò dúró lójú kan. Ó ń yí ọkọ̀ po, ó ń fẹsẹ̀ gbá táyà, ó ń bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́, ó ń dìde, ó tún ń bẹ̀rẹ̀.

"Ilé yìí wọn ẹgbẹ̀rún méjì àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kílò," ni mo sọ fún un. "Irin tí wọ́n kàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún méjì péré ló wọ̀n ní òfìfo. Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Kò sí nǹkan. Bẹ́ẹ̀dì. Àwo."

"Àwo ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kílò?"

"Àwo Verna wúwo." Kò rẹ́rìn-ín.

Mo jáde lọ bá a, mo ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, mo fi bébà kékeré tó lẹ̀ mọ́ etí rẹ̀ hàn án. Ẹgbẹ̀ta kílò ni wọ́n kọ síbẹ̀. "Ohun tí ọkọ̀ yín lè gbé sẹ́yìn ara rẹ̀ nìyí, èèyàn inú rẹ̀ pẹ̀lú. Imú ilé yìí ń fi ọ̀ọ́dúnrún ó lé ọgbọ̀n tẹ ìkọ́. Ẹ̀yin á jókòó, Verna á jókòó, ẹ̀rọ iná àti igi ìdáná tí ẹ kó sẹ́yìn náà ń bẹ níbẹ̀. Ẹ ti fi bí ọgọ́ta kílò kọjá."

"Ẹni tó tà á ní ọkọ̀ mi lè fà á."

"Ó lè fà á. Fífà kọ́ ni mo ń sọ. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, tí ẹ wá tẹ bíréèkì, ta ló máa dá yín dúró?"

Ó ká bébà tí mo kọ nǹkan sí, ó fi í sápò, ó ní òun ti gbọ́. Kò tíì so ilé náà tán tó ti ń wo aago.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó padà dé. Ó ti gbé ẹ̀rọ iná àti igi ìdáná kúrò lẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, ó sì ti kó wọn sínú ilé onítáyà, sí ìdí rẹ̀ pátápátá. Ìdí ọkọ̀ ti gbéra sókè díẹ̀, inú Orest sì dùn sí i. Nígbà tí mo wọ̀n ọ́n, inú mi kò dùn.

"Imú rẹ̀ ti fúyẹ́ jù, Orest. Ìdí ló wúwo báyìí. Ilé tí imú rẹ̀ bá fúyẹ́ máa ń jùrù lójú ọ̀nà. Ẹ kó wọn padà sí àárín, sórí táyà. Tàbí kí ẹ sọ ohun tó wà nínú ẹ̀ fún mi, ká jọ mọ èyí tí ẹ máa yọ."

"Mo ní kò sí nǹkan nínú ẹ̀."

"Ṣé kí n wọlé wò ó?"

Ó yára lọ tì í ní kọ́kọ́rọ́. Ó ní ìdọ̀tí pọ̀ nínú ẹ̀.

Àárọ̀ Sátidé ni mo tún rí i. Kò gun òṣùwọ̀n lọ́jọ́ náà. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà, kò sì sọ̀ kalẹ̀, ni mo bá lọ bá a. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì di ìtọ́kọ̀ mú, aṣọ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ó ní òun gbé e jáde láti dán an wò, lójú títì tó lọ sí Yorkton. Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan ló ya òun sílẹ̀, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì gbá ìdí ilé náà sọ́tùn-ún. Ó padà sósì. Òun tẹ bíréèkì, ó sì burú sí i.

"Mo rí fèrèsé rẹ̀ nínú dígí ẹ̀gbẹ́ mi," ni Orest wí. "Fèrèsé ibi ìdáná. Kò yẹ kí n rí i níbẹ̀. Mo rí kọ́tìnì."

"Báwo lẹ ṣe mú un dúró?"

"Mi ò mọ̀. Òun ló dúró fúnra ẹ̀." Ó nu ojú. "Má sọ fún Verna."

Mo wọ inú ọ́fíìsì lọ bu omi wá, nígbà tí mo fi padà dé, ó ti ń lọ, jẹ́jẹ́, ní ẹ̀gbẹ́ títì, bí ẹni tó ń fa màlúù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tapá.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mi ò rí ibi jókòó sí. Mo gbá ilé tí kò dọ̀tí. Mo tẹ nọ́ńbà Verna lẹ́ẹ̀mejì, mo sì pa á kó tó dún. Iṣẹ́ mi ni kí n wọn nǹkan kí n sì sọ iye rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí n wọn òun ni mo ń sọ fún, Orest ló sì ní kí n wọn òun. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn máa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn.

Ní ọjọ́ Ajé, mo bá Verna ní ilé ìfìwéránṣẹ́.

"A máa gbéra ní Ọjọ́rú," ló sọ fún mi. "Orest ní o ti wọn gbogbo ẹ̀, pé o ní kò séwu."

Mo ń wo àwọn lẹ́tà ọwọ́ mi.

"Karlene."

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, Verna. Ẹ bá a wá kí ẹ tó lọ. Ẹ fojú ara yín rí i."

"Ó wúwo?"

"Ó wúwo. Mi ò sì mọ ohun tó mú un wúwo."

"Ó gé odidi búrẹ́dì tán lọ́jọ́ Sátidé, kò sì jẹ nǹkan kan nínú ẹ̀. Mo bi í, ó ní afẹ́fẹ́ pọ̀." Ó kó lẹ́tà rẹ̀ sínú báàgì. "A máa wá."

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, Verna ló wa ọkọ̀ náà gun òṣùwọ̀n. Orest jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé fìlà lé orúnkún, ojú rẹ̀ sì wà lọ́nà ìta, níbi tí títì ti ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Kò sí ẹni tó ní láti sọ bí a ṣe ń ṣe é fún Verna. Ó gùn ún, ó wà á síwájú, ó tú u, gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ó wọ ọ́fíìsì, ó gbé jígí sójú, ó ka bébà.

"Orest, wọlé wá."

Orest wọlé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Mo di àwo mẹ́fà," ni Verna wí. "Ìkòkò méjì. Aṣọ ibùsùn. Aṣọ wa. Oúnjẹ ọjọ́ mẹ́rin. Èmi ni mo dì í, mo mọ̀ ọ́n. Kò lè ju ọgọ́rùn-ún kílò lọ. Fi ẹ̀rọ iná àti igi kún un. Ó ṣì ku bí irínwó. Níbo ló ti wá?"

"Bóyá òṣùwọ̀n Karlene ti bàjẹ́."

"Àwọn ará ìjọba yẹ̀ ẹ́ wò lóṣù Kẹta," ni mo wí.

"Mi ò bá ẹ sọ̀rọ̀, Karlene."

"Èmi ń bá ẹ sọ̀rọ̀," ni Verna wí. Ó na ọwọ́. "Kọ́kọ́rọ́."

Orest wo ọwọ́ náà. "Verna, jẹ́ ká máa lọ. Oòrùn ti ń ga. Bí a bá dé ọ̀hún láìpẹ́, a máa rí ibi tó dáa gúnlẹ̀ sí."

"Kọ́kọ́rọ́, Orest."

Ibùsùn inú ilé onítáyà náà dà bí ìdérí àpótí. Bí wọ́n bá gbé e sókè, ààyè wà lábẹ́ rẹ̀. Verna gbé e sókè. Mo dúró sórí àtẹ̀gùn, mi ò wọlé, ṣùgbọ́n mo rí gbogbo rẹ̀.

Bàtà òtútù ló kọ́kọ́ jáde, tirẹ̀ àti ti Orest. Lẹ́yìn náà ẹ̀wù òtútù méjì tó nípọn. Àpótí irinṣẹ́ tí apá ẹnì kan kò ká. Ẹ̀rọ ìlọ-ẹran onírin tí ìyá Orest fi sílẹ̀. Àwo-orin, àwọn ìwé fọ́tò, gbogbo ìwé fọ́tò ilé wọn pátá. Ogún ìgò èso tí Verna sè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Akoto àti fìtílà tí Orest máa ń dé wọ ihò kùsà. Àpótí irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kó ìwé ilé sí. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ni ṣọ́bìrì wà, èyí tí wọ́n fi ń kó yìnyín.

Verna gbé ṣọ́bìrì náà dání. "Ìgbà wo la sọ pé a máa padà dé?"

"Ìparí oṣù Kẹjọ."

"Ìparí oṣù Kẹjọ. Kí la fẹ́ fi èyí ṣe?"

Verna gbé ṣọ́bìrì fún mi bí ẹni gbé ẹrù fún kọ́ńdọ́kítọ̀, ó tún wọlé. Nígbà tó fi jáde, ẹ̀rọ ìránṣọ ló gbé mọ́ àyà, ti àtijọ́, onírin, ó sì wúwo tó fi ń mí gúlegúle. Ó gbé e kalẹ̀ sórí àtẹ̀gùn, ó jókòó tì í.

"Láti ọjọ́ Àjíǹde ni mo ti ń wá nǹkan yìí," ló wí. "Mo ní Lesia ló yá a tí kò dá a padà. Mo sọ ọ́ sí i lójú, nínú ilé rẹ̀, níwájú àlejò. Ìwọ náà wà níbẹ̀. O ń jẹ kéèkì."

Lesia ni àbúrò Orest obìnrin. Gbogbo Dunfrey ló mọ̀ pé òun àti Verna kì í kí ara wọn mọ́, kò kàn sẹ́ni tó mọ ìdí rẹ̀.

"Mo fẹ́ sọ ọ́ nígbà yẹn," ni Orest wí.

"O ń jẹ kéèkì, Orest."

"Kò yá mi lára láti sọ ọ́ níwájú èèyàn."

"Ó yá èmi lára láti pe àbúrò ẹ lólè níwájú èèyàn?" Ó yíjú sí mi. "Karlene, fóònù ọ́fíìsì yín ń ṣiṣẹ́?"

Mo ní ó ń ṣiṣẹ́. Verna kò dìde, ó kàn fi ìka tọ́ka. Orest wọ ọ́fíìsì, èmi náà tẹ̀ lé e, nítorí tábìlì mi ló máa dúró sí. Ó tẹ nọ́ńbà náà, ó sì tẹjú mọ́ kàlẹ́ńdà ara ògiri bí ẹni tó fẹ́ ka ọjọ́ tó kù.

"Lesia, èmi ni... Rárá, a ò tíì lọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn, èmi ni mo gbé e... Èmi. Orest... Rárá, mi ò fi í rán aṣọ kankan." Mo ń gbọ́ ohùn Lesia láti ibi tí mo wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Etí Orest pọ́n. "Mo gbọ́," ló wí. "Bẹ́ẹ̀ ni. Ó wà níta. Mo máa pè é."

Verna wá gba fóònù. "Lesia, má bínú," ló wí. "Mo ṣẹ̀ ọ́ gan-an, má bínú." Ó gbọ́ díẹ̀, ó sì wo ọkọ rẹ̀. "Rárá, mi ò tíì pa á. Ó dúró síbí."

Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ó fa àga mi, ó jókòó, ó ní kí Orest náà jókòó. Mo fẹ́ jáde. Verna ní kí n má lọ, pé ọ́fíìsì mi ni. Ni mo bá dúró tí mo ń to bébà tí a ti tò tẹ́lẹ̀.

"O fẹ́ ká má padà wá mọ́," ni Verna wí.

"Mi ò rò ó bẹ́ẹ̀."

"Kí lo wá rò?"

Orest jókòó díẹ̀, ó tún dìde. "Mi ò ro nǹkan kan. Mo kàn ń jí láàárọ̀, ara mi ń gbọ̀n nínú, bí ẹni tó pẹ́ síbi iṣẹ́. Mo wá gbé nǹkan kan lọ sínú ẹ̀, bàtà ni àkọ́kọ́, ara mi sì rọ̀ títí di ọ̀sán. Lọ́jọ́ kejì mo gbé òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ."

"O ò lè sọ fún mi?"

"Kí n sọ kí ni? Pé mo gbé bàtà?" Ó lọ dúró lójú fèrèsé. "Verna, ọdún méjìdínlógójì ni mo fi ń kúrò nílé kílẹ̀ tó mọ́, tí mo ń padà lẹ́yìn tó ti ṣú. Mi ò mọ bí ilé yẹn ṣe rí lọ́sàn-án. Mo jókòó síbẹ̀ láago mẹ́wàá, oòrùn wọlé, mo rí gbogbo nǹkan, ó sì dà bíi pé ilé onílé ni mo wà. Mò ń retí kí ẹnì kan wọlé bi mí pé kí ni mò ń wá."

Ọkọ̀ kan kọjá lójú títì, Orest sì yí ọrùn tẹ̀ lé e títí tí kò fi rí i mọ́.

"Èmi mọ ilé yẹn lọ́sàn-án," ni Verna wí níkẹyìn. "Láàárín bọ́ọ̀sì òwúrọ̀ àti bọ́ọ̀sì ìrọ̀lẹ́, èmi nìkan ni mò ń gbé ibẹ̀. Ilé mi ni. O lè ní kò yé ẹ, mo gbọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n o ń kó mi kúrò nínú ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń jí adìẹ gbé. Ìwé fọ́tò mi. Ìwé ilé. O tiẹ̀ gbé ìgò èso mi. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni, Orest. O ò bi mí."

"O máa sọ pé rárá."

"Bóyá. Ó yẹ kí n rí ààyè sọ ọ́."

Orest fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Kò sunkún, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó gbé wọn kúrò. Mo rò pé ìrìn-àjò náà ti bàjẹ́ nìyẹn, pé Verna máa wa ọkọ̀ náà padà sílé, kí wọ́n sì tà á. Verna dìde, ó na ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe máa ń nà án tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì.

"Karlene, ṣé o ní òṣùwọ̀n kékeré?"

Mo ní èyí tí a fi ń wọn àpò irúgbìn. Mo tì í jáde, mo tẹ́ tapólì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ohun tó bá máa dúró, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó gbogbo nǹkan jáde. Orest ń gbé, èmi ń wọ̀n, Verna ń sọ èyí tó máa lọ àti èyí tó máa dúró. Àpótí irinṣẹ́ wọn àádọ́rin kílò. Verna ní kó mú irinṣẹ́ mẹ́fà péré. Orest mú mẹ́sàn-án. Verna kà wọ́n, ó sì nàka sí ẹrù tó kàn. Ẹ̀rọ ìlọ-ẹran dúró. Ṣọ́bìrì dúró. Ìgò èso mẹ́rin lọ, mẹ́rìndínlógún dúró, ó sì fún mi ní méjì nínú wọn. Mo rò pé ẹ̀rọ ìránṣọ náà máa dúró, nítorí ó wọn kílò mẹ́rìndínlógún, ṣùgbọ́n Verna ní òun fẹ́ ẹ, pé òun kò fẹ́ràn kọ́tìnì ilé náà.

Nígbà tó kan akoto àti fìtílà, Orest fúnra rẹ̀ ló gbé e lé orí tapólì. Verna wò ó.

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó wúwo," ni Orest wí.

"Kílò kan péré ni," ni mo wí.

Kò gbé e padà.

A gbé ẹ̀rọ iná síwájú, sórí táyà gan-an, a sì kó igi ìdáná dà sílẹ̀ nítorí igi wà níbi gbogbo. Irin méjì kan wà tó yẹ kí wọ́n fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọ́, tí ń pín ìwúwo imú ilé náà kárí gbogbo táyà ọkọ̀. Tíṣà ará Yorkton náà ti fi wọ́n sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n Orest kò dúró kà bí wọ́n ṣe ń fi wọ́n sí i. Verna kà á, ó sì fi wọ́n sí i. Nígbà tí ọkọ̀ náà tún gun irin, iná iwájú rẹ̀ wo ojú títì. Mo wọn gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹgbẹ̀rún méjì àti igba ni ilé náà wọ̀n báyìí, imú rẹ̀ sì ń fi igba ó lé àádọ́ta tẹ ìkọ́. Àwọn méjèèjì jókòó sínú ọkọ̀, ó ṣì kù dáadáa kó tó dé iye tí wọ́n kọ sétí ilẹ̀kùn.

"Mi ò sọ pé a máa padà, mi ò sọ pé a ò ní padà," ni Verna wí fún Orest. "Tí a bá fẹ́ sọ ọ́, a jọ máa sọ ọ́ ni. Èmi ni mo máa wà á dé ibi oúnjẹ ọ̀sán."

Ó gbé àpótí ìwé ilé fún mi pé kí n bá òun tọ́jú rẹ̀ àti ẹrù orí tapólì. Agogo kan ọ̀sán kọjá díẹ̀ ni wọ́n gbéra. Mo dúró wo ìdí ilé náà bó ṣe ń lọ lójú títì. Kò jùrù.

Verna ń pè mí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Wọ́n dé Cypress Hills, wọ́n dé àwọn òkè ńlá, wọ́n sọdá wọn. Ó ní bí àwọn bá gúnlẹ̀ síbì kan lọ́sàn-án, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì Orest á ti máa so ilé mọ́ ọkọ̀. Bí wọ́n bá bi í pé níbo ló kàn, á ní iwájú. Nínú oṣù Keje, ní ẹ̀bá adágún kan tí èso píṣì pọ̀ láyìíká rẹ̀, Verna ní òun kò lọ mọ́. Ó ní òun máa jókòó síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, òun máa lúwẹ̀ẹ́, òun máa parí kọ́tìnì. Bí Orest bá fẹ́ rìn, kó mú píkọ́ọ̀pù.

Orest mú un, ó sì lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi padà.

"Ní ọjọ́ kìíní, inú bí mi," ni Verna sọ fún mi. "Ní ọjọ́ kejì mo sùn títí oòrùn fi ga, mo tiẹ̀ gbàgbé láti bínú. Ní ọjọ́ kẹta mo rìn dé ojú títì lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ojú tì mí, mo ń díbọ́n pé ẹyẹ ni mo ń wò."

"Ibo ló lọ?"

"Ó ní òun dé ibi tí ọ̀nà ti yà sí méjì, òun ò mọ èyí tí òun fẹ́, ni òun bá ra píṣì. Àpótí méjì. Kí ni ẹni méjì fẹ́ fi àpótí píṣì méjì ṣe?" Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀ pé ó ń rẹ́rìn-ín.

Wọ́n padà dé lágbedeméjì oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí ọkọ̀ ọkà tò dé ojú títì, tí mi ò sì ráyè kí ẹnikẹ́ni. Orest gbé ilé onítáyà náà sí ẹ̀gbẹ́ ilé, kò sì wọ inú ilé lọ sùn. Ó ń wọlé jẹun, ó ń bá Verna fọ àwo, lẹ́yìn náà á padà síta. Lesia ní ìwà ọmọdé ni. Verna kò bá a jà, kò sì bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti sọ ohun tí òun fẹ́ sọ. Ó di ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù Kẹwàá kí omi tó dì nínú páìpù ilé onítáyà náà, ni Orest bá gbé ìrọ̀rí wọlé. Kò lọ sí yàrá wọn lọ́jọ́ náà. Ó wọ yàrá kékeré tó kọjú sí ìlà-oòrùn, tí wọ́n ń kó pákó sí, ó kó gbogbo rẹ̀ jáde, ó sì kùn ún. Ó lo ọjọ́ mẹ́jọ lórí yàrá tí ẹlòmíràn máa fi ọjọ́ méjì kùn. Verna ń gbé àga lọ jókòó tì í láago mẹ́wàá òwúrọ̀, wọ́n á jọ mu kọfí níbẹ̀.

Mo lọ kí wọn nínú oṣù Kìíní. Yìnyín ti ga dé ojú fèrèsé. Verna gbé pírógì, ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ọ̀dùnkún sínú rẹ̀ sè, wá pẹ̀lú àlùbọ́sà díndín, ó sì jókòó. Orest kò jókòó. Ó ní ara òun ṣì ń gbọ̀n láàárọ̀, ṣùgbọ́n òun ti ń sọ ọ́ báyìí, òun kàn máa ń sọ pé, "Verna, ó ti bẹ̀rẹ̀," Verna á sì wá iṣẹ́ fún òun tàbí kó ní kí òun dákẹ́. Wọ́n ti tẹ́ máàpù sórí tábìlì, wọ́n ti fi àwo wàrà kíkan tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n máa lọ nínú oṣù Kẹrin, wọ́n á padà kí ìkórè tó parí.

"Gúúsù," ni Orest wí. "A ò tíì rí gúúsù."

"Àríwá," ni Verna wí. "Gbogbo èèyàn ló ń lọ sí gúúsù. Tí mo bá fẹ́ rí èrò, ǹ bá ṣì wà nínú bọ́ọ̀sì."

"Kò sí nǹkan ní àríwá."

"Ìwọ tí o ń wá ibi tí kò sí nǹkan láti ọdún tó kọjá."

Orest fi ìka tọ ọ̀nà kan lórí máàpù, ó sọ pé ibẹ̀ dára, Verna gbá ìka náà kúrò, ó ní afárá ibẹ̀ kò lè gbà wọ́n, kó ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Orest gbé jígí Verna sójú láti kà á. Mo jẹ pírógì mi tán, mo wọ ẹ̀wù, mo kí wọn pé ó dàbọ̀. Mi ò rò pé wọ́n gbọ́ mi.